Ìkúnlẹ̀ Ìyá Ẹ̀pìyà tí mo gé kúrò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù ka ọ̀rọ̀ mi tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbé e sáyà, kò sì fúyẹ́ lọ́jọ́ kan. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé lópin oṣù yìí, ẹni tí kò ṣẹ̀ yóò lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́, yóò sì tọrọ àforíjì fún ohun tí èmi ṣe.

Làtífù ni orúkọ rẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Ó ń tún àwọ̀n ṣe ní Ìjẹ̀dẹ̀, ó sì ń fi ọmọláńgidi ṣe fídíò tí wọ́n ń wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan nínú yín ti lè rí i, àwọn mìíràn sì ti lè bú u. Wọ́n ní òrìṣà ló ń gbẹ́. Wọ́n ní kò mọ àgbà, torí pé ọmọláńgidi rẹ̀ máa ń fi àwọn onílé àti àwọn káńsẹ́lọ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Èmi ò tíì rí ẹni tó mọ àgbà tó o.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí agùnbánirọ̀ nígbà tí mo mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ kò sí, mo wá ń bá ẹnì kan jókòó ti káfé íńtánẹ́ẹ̀tì ní Ìtamága. Làtífù gbé kámẹ́rà kékeré kan wá, ó ní kí n bá òun fi fídíò sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo rò pé orí rẹ̀ kò pé. Ló bá yọ ọmọláńgidi kan tó pè ní Ìyá Ẹ̀pìyà jáde láti inú àpò. Fóòmù tí àwọn apẹja máa ń so mọ́ àwọ̀n ló fi ṣe orí rẹ̀, rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ló fi ṣe ètè. Bó ṣe ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọmọláńgidi náà wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti jẹun? Ojú ẹ rọ bí ẹja tí wọn ò rà lánàá."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó lè dà bí nǹkan kékeré lójú yín. Àmọ́ mo ti kọ̀wé wáṣẹ́ títí ó fi sú mi, mo sì ti gbàgbé bí ẹ̀rín ṣe ń rí lẹ́nu mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá a ṣiṣẹ́. Tí ó bá ń ṣe é, òun fúnra rẹ̀ kì í wò yín, Ìyá Ẹ̀pìyà ló máa ń wò yín, ẹ̀yin náà á sì gbàgbé pé ọwọ́ èèyàn wà níbẹ̀.

Nǹkan kan wà tí kì í fi ṣeré. Ọmọláńgidi rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúnlẹ̀, kó tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀. Tí ẹni náà bá kọ̀, kò ní ṣe é. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Alákọ̀wé, ẹ̀fẹ̀ tí kò tọrọ ààyè, èébú ni."

A lọ bá màmá àgbà kan tí wọ́n jẹ́ olórí àwọn ẹlẹ́ja ní Ẹ̀pẹ́. Làtífù fẹ́ sín ìrìn wọn jẹ. Àwa mẹ́ta péré la wà nínú yàrá wọn. Ìyá Ẹ̀pìyà kúnlẹ̀, ó sọ tẹnu rẹ̀.

Màmá ní, "Ìdí mi yìí lo fẹ́ fi fóòmù ṣe? Fóòmù gbogbo apẹja Ẹ̀pẹ́ ò lè tó o." Wọ́n wá fọwọ́ kan orí ọmọláńgidi náà. "Dìde, ọmọ mi, mo fún ẹ láyè. Àmọ́ ẹ má sọ fáwọn ọmọ mi o. Mo fẹ́ wo ojú wọn nígbà tí wọ́n bá rí i."

Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú fídíò. Èmi ni mo gé e kúrò.

Nẹ́tíwọ̀kì káfé ń fà, fídíò náà tóbi, ọ̀gá mi sì fẹ́ pa jẹnẹrétọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní fi ìyẹn bojú. Mo tún rò pé ìkúnlẹ̀ yẹn ti pọ̀ jù, pé àwọn tó wà lókè òkun kò ní dúró wò ó. Mo rò pé mo mọ̀ jù ú lọ torí pé mo lọ sí yunifásítì. Mo gé e, mo sì pa ojúlówó rẹ̀ rẹ́ nínú kámẹ́rà kí àyè lè wà fún òmíràn.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni màmá kú. Inú ọ̀fọ̀ ni àwọn ọmọ wọn ti rí fídíò náà. Ohun tí wọ́n rí ni ọmọláńgidi tó ń ju ìdí bí ìyá wọn, láìkí, láìtọrọ ààyè. Wọ́n lé Làtífù kúrò lọ́jà. Ó ní màmá gbà fún òun, wọ́n ní kó má purọ́ mọ́ òkú.

Ó bi mí léèrè ibi tí ìkúnlẹ̀ náà wọlẹ̀ sí. Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ló gé e. Ó gbà mí gbọ́. Ó ní kí n wá jẹ́rìí ní Ẹ̀pẹ́, mo purọ́ pé ibà ń ṣe mí. Nígbà tó ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti bú u, ó ra ọsàn wá kí mi. N kò lè jẹ ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Àwọn ọmọ màmá àti àwọn ẹlẹ́ja ti wá gbà báyìí pé kó padà wá sọ́jà, bó bá jẹ́wọ́ pé òun bú ìyá wọn, tí ó sì mú Ìyá Ẹ̀pìyà dání kí wọ́n sun ún. Ó ní òun máa lọ. Ó wá bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Alákọ̀wé, a tọrọ ààyè lọ́jọ́ yẹn, àbí mo lá a lálàá ni?"

Mo dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló ń pa mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ fún un ní Ìjẹ̀dẹ̀, kó lè lé mi lọ bó bá wù ú? Àbí kí n ti lọ bá wọn ní Ẹ̀pẹ́ kó tó débẹ̀? Ẹ̀yin ọmọ màmá, bí ẹ bá ń ka èyí, ìyá yín rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Etí mi ló gbọ́ ọ tí wọ́n ní kí Ìyá Ẹ̀pìyà dìde. Kò sí fídíò tó lè sọ ọ́ mọ́, ẹnu mi nìkan ló kù.

Mo kúnlẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀?