Páìpù Yín Ni, Bàbá Fẹ́kọ́mi

Rárá o, Bàbá Fẹ́kọ́mi, n ò jókòó, ẹ má wulẹ̀ nawọ́ sí àga fún mi, orí ìdúró ni mo máa wà sọ ohun tó gbé mi wá, torí tí mo bá fìdí lélẹ̀ báyìí ẹkún ló máa gba ẹnu mi, mo sì ti sunkún tó láti àná. Ẹ̀yin lẹ nilé, ayálégbé ni mo jẹ́, n ò ní gbàgbé ọ̀wọ̀ yín. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe dùn mí.

Ìyá Jésùtófúnmi, tá a jọ yálé gbé níbí, fa òpó mi tu! Ó fà á tu, ó wọ́ ọ gba àárín kọ́ńpáǹdì yìí kọjá, òun àtàwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, wọ́n ń da òróró sí i lórí, wọ́n ń pariwo iná, iná, wọ́n lọ jù ú sí gọ́tà lójú ọ̀sán gangan, gbogbo Ìgándò ń wò. Wọ́n ní òòṣà ni. Wọ́n ní èmi Mọ̀dínátù, èmi tí n kì í pa ìrun jẹ, mo ri òòṣà mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi, òun ló sì ń gbé ibà sára Jésùtófúnmi. Èmi! Sùbúhánálláhì.

Òpó fúláwà ni, Bàbá Fẹ́kọ́mi. Ẹ sì mọ̀.

Àbí ẹ ti gbàgbé ni? Lọ́jọ́ tí Zulaihat ọmọ mi ń lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Òmáànì, lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá, ìkòkò fúláwà yẹn ló gbé lé mi lọ́wọ́, èyí tó rà lẹ́bàá títì ní Ìdímù, tí ewé rẹ̀ fẹ̀ tó sì ní ihò ihò. Ó ní, “Màámi, irú èyí máa ń gun nǹkan ni. Tó bá ti gun dé òkè fèrèsé yín, èmi náà á ti délé.” Ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá ìyá ẹ̀ sọ lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Ẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gbé ọwọ́ lé e lórí, tẹ́ ẹ gbàdúrà fún un kó tó wọ mọ́tò.

Ilé tó bọ́ sí lọ́hùn-ún, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni wọ́n ń gbé e fún un fúngbà díẹ̀. Tó bá sì ti pè, kì í bi mí pé kí ni mo jẹ. “Màámi, ẹ jẹ́ kí n rí i.” Màá yí ojú fóònù sí fúláwà. Nígbà yẹn, ilẹ̀ ló ń fà kiri, kò gòkè rárá. Ọjọ́ kan ló wò ó títí, ó wá ní, “Ṣé kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ni?” Ohùn tó fi sọ ọ́, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìyá kankan gbọ́ irú ẹ̀.

Ọ̀dọ̀ yín ni mo sá wá. Mo ní àwọn tó ń ta fúláwà ní Ìdímù sọ pé igi gbígbẹ kọ́ ló ń fẹ́ gùn, nǹkan tútù ni, kí gbòǹgbò tó ń yọ lára ẹ̀ lè rí ibi dì mọ́. Ta ló lọ mú páìpù tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n tún bọ́hóòlù ṣe? Ta ló fi ayùn gé e fún mi? Ẹ̀yin ni! Èmi fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí i lára, mo rẹ èèpo àgbọn sómi, mo fà á ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo fi ọ̀bẹ họ nǹkan tútù aláwọ̀ ewé tó ń hù bíi kápẹ́ẹ̀tì lára ògiri ẹ̀yìn ilé tí oòrùn kì í dé, mo tò ó mọ́ ọn, mo wá fi àpò àlùbọ́sà, èyí tó dà bíi nẹ́ẹ̀tì, wé gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ di òpó mú nígbà tí mo ń ki yẹ̀pẹ̀ sí i nídìí. Ẹ tún ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ní télọ̀ ti ráǹṣọ fún èèyàn tán, ó kan páìpù. Ṣé irọ́ ni mo pa?

Aṣọ pupa ni wọ́n ní ó jẹ́rìí sí i. Aṣọ pupa tí mo ya tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tí mo fi so fúláwà mọ́ òpó dípò wáyà, kó má baà gé e lára. Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín! Àjákù aṣọ kúáyà wọn ni! Èmi ni mo rán an lọ́dún Àjíǹde, òun ni Ìyá Jésùtófúnmi ń wọ̀ kọrin níwájú Ọlọ́run ẹ̀ lọ́jọ́ọjọ́ Ìsinmi. Tó bá jẹ́ aṣọ òòṣà ni, kó yáa bọ́ tiẹ̀ náà jù sí gọ́tà, jàre.

Ẹ ní ó gbọ́ ohùn mi? Òótọ́ ni. Tí mo bá kírun Sùbúì tán, màá da omi sórí òpó kó lè rin dé ìsàlẹ̀, ẹnu mi kì í sì í dákẹ́. Zulaihat, gòkè. Zulaihat, máa bọ̀ nílé. Orúkọ ọmọ mi ni mo ń pè, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? N ò ní jiyàn, ẹni tó bá yọjú ní ìdájí tó rí obìnrin tó ń da omi sórí òpó, tó ń pe orúkọ èèyàn, ẹ̀rù lè bà á, pàápàá tára ọmọ ẹ̀ bá ń gbóná. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn mi dà? Ṣé kò lè kàn án ni? Èmi tí mo bá a gbé ọmọ náà pọ̀n lọ sí kẹ́místì!

Ká fi tiẹ̀ sílẹ̀ ná. Tiẹ̀ kọ́ ló gbé mi wá. Òun ò mọ̀. Ẹ̀yin mọ̀.

Nígbà tí mo sáré dé láti ṣọ́ọ̀bù, orí àga yìí gan-an lẹ wà, rédíò yìí gan-an ló ń sọ̀rọ̀ níwájú yín bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ báyìí. Mo ké sí yín, mo ní, “Bàbá Fẹ́kọ́mi, ẹ bá mi sọ fún wọn!” Ẹ wò mí. Ẹ nawọ́ sí rédíò, ẹ yí i sókè.

Ẹ yí i sókè, Bàbá! Tíṣà tó ń na ọmọ ọlọ́mọ torí irọ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì! Kí lẹ ń bẹ̀rù? Kí wọ́n má baà ní ẹ lọ́wọ́ sí i? Kí wọ́n má baà dárúkọ yín nínú àdúrà wọn? Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń fẹ́ o: páìpù mi ni, èmi ni mo gé e fún un. Wọn ì bá fi í sílẹ̀.

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkè fèrèsé. Ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ mi yìí ló kù kó débẹ̀. Wọ́n ti ṣẹ́ ẹ lórí, ìdí ẹ̀ ni mo rí yọ nínú gọ́tà, pẹ̀lú ewé kan tó ti ya, mo sì ti gbìn ín padà, ó tún ń wo ilẹ̀.

Kí lẹ ń wá nídìí àtẹ̀gùn yẹn? Páìpù míì? Ẹ dá a padà, ẹ ṣeun. Kì í ṣe páìpù ni mo wá gbà. Ẹnu yín ni mo fẹ́.

Ẹ tún ń wo rédíò. Ó dáa. Ẹ gbọ́ fóònù mi tó ń dún? Jímọ̀ ni òní, òun ni. Rárá, èmi kọ́ ni màá gbé e, ẹ gbà. Ẹ̀yin lẹ gbàdúrà fún un. Ó máa ní kẹ́ ẹ jẹ́ kóun rí i, kẹ́ ẹ sọ ibi tó gùn dé fún un, kẹ́ ẹ sì sọ ẹni tó jókòó tó ń wò. Ẹ gbà á kó tó já, Bàbá. Kẹ́ ẹ yí rédíò yẹn wálẹ̀, kó lè gbọ́ yín.