Ọ̀pá Àbúrò Mi Tí Mo Gé Kúrú

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèré mi, ẹ̀yin tí a jọ ń ṣeré láti ọjọ́ yìí wá, ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá ti ń ṣe ẹnu bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó dá a dúró ná. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti la ẹnu, ẹ̀rín lẹ máa ń retí, ẹ̀bi mi sì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun fún ọdún mẹ́fà. Lónìí ó gbọ́dọ̀ jáde, ìbáà fa ètè mi ya. Dókítà sọ lọ́jọ́ Ajé pé ọkàn mi ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì máa là mí láyà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyàwó mi ní kí n bi dókítà náà bóyá ó dá a lójú, nítorí òun ti bá ọkàn yìí gbé fún ogójì ọdún, òun ò rí i kó tóbi rí. Àwàdà ló ń ṣe. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí òótọ́ ló sọ.

Ẹ rántí Ilé-ń-lọ, ọkọ̀ gíga tí a fi ń káàkiri ṣeré, tó ní ibùsùn mẹ́fà, ìdáná, àti ilé ìwẹ̀ tí ẹni tó bá sanra bí èmi kò lè yí padà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá. Gbogbo ohun tó bá ní òrùlé ni ọ̀tá rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé epo ló burú jù, nítorí èèyàn lè yà fún afárá, kò lè yà fún epo. Òrùlé ilé epo kan á ga bí ọ̀run, òmíràn á rẹlẹ̀ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ẹnu táǹkì wa sì wà lẹ́yìn pátápátá, bí a ò bá wọ abẹ́ òrùlé tán, rọ́bà epo kì í dé e.

Ìdí nìyẹn tí àbúrò mi, tí ẹ̀ ń pè ní Awòkè, fi gbẹ́ ọ̀pá kan. Aago ọwọ́ ló ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì máa ń bá wa lọ bí a bá ń rìnrìn àjò. Ó wọn ọkọ̀ náà láti ilẹ̀ dé orí, ó gé ọ̀pá tó fi ìbú ìka mẹ́rin ga jù ú lọ, ó so aṣọ pupa mọ́ ṣóńṣó rẹ̀. Òfin wa ni pé kí a tó wọ abẹ́ òrùlé kankan, Awòkè á sọ̀kalẹ̀, á na ọ̀pá náà sókè, á máa rìn níwájú. Bí ọ̀pá bá kọjá, ọkọ̀ á kọjá. Bí ọ̀pá bá kan òrùlé, a ó ṣẹ́rí padà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jiyàn. Èmi gan-an ni mo fi kún òfin náà pé ẹni tó bá fi ọ̀pá yẹn ṣeré, a ó fi í sílẹ̀ sójú ọ̀nà, kó fẹsẹ̀ rìn délé.

Èmi ni mo fi ṣeré. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, mò ń ṣe ọmọ ogun tó ti ojú ogun dé, wọ́n wá ọ̀kọ̀ mi tì. Mo sáré jáde, mo tú ọ̀pá Awòkè lára ọkọ̀, mo gbé e wọ orí ìtàgé. Ọ̀pá tó lé ní ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá, ẹnu ọ̀nà ìtàgé ẹsẹ̀ bàtà méje. Mo gbé e lóòró, kò gbà. Mo gbé e ní ìbú, kò gbà. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn, ẹ̀rín sì dà bí ọtí lára mi, n kì í mọ ìgbà tó yẹ kí n gbé ife sílẹ̀. Mo fi gbogbo ara tì í. Orí rẹ̀ dá. N kò gba ìpàtẹ́wọ́ tó tó ìyẹn ní gbogbo ọdún náà.

Ohun tó dá lára rẹ̀ gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Mo gé ojú ibi tó dá kó lè tẹ́jú, mo sì bẹ Ìyá Aláṣọ, tó ń tọ́jú aṣọ eré wa, pé kó so aṣọ pupa náà padà. Ó so ó, ó ní kí n má gbàgbé kí n sọ fún Awòkè. Mo ní báwo ni mo ṣe máa gbàgbé. N kò sì gbàgbé. Ojú ló tì mí, torí òfin tí mo fẹnu ara mi ṣe. Nígbà tó di ọjọ́ kejì tó bi mí, mo ní mo ti sọ. Ìyá Aláṣọ, níbi tí ẹ jókòó sí yẹn, ẹ ò jẹ̀bi nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa fún yín.

Lọ́jọ́ kẹta, epo fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. A yà sí ilé epo kan. Ibi tí kò lórùlé wà fún àwọn ọkọ̀ ńlá, ṣùgbọ́n tírélà mẹ́ta ló tò síbẹ̀, wákàtí kan ló sì kù kí eré wa bẹ̀rẹ̀. Ibi tó ṣófo ní òrùlé tó rẹlẹ̀, iná gígùn so mọ́ abẹ́ rẹ̀. Awòkè sọ̀kalẹ̀, ó na ọ̀pá, ọ̀pá kọjá. Ó padà, ó tún nà án, ọ̀pá kọjá. Ó wá dúró, ó gbójú sókè bí ẹni tó ń wo inú aago, ó rìn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé èmi tí mo ń wa ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀pá gbà, ṣùgbọ́n ojú mi ò gbà."

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo nílò: ọ̀pá ti dá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin wà lẹ́yìn mi, ẹ ń gbọ́. Mo sọ lọ́kàn mi pé ìka mẹ́rin tó fi kún un máa gbà wá. Bẹ́ẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ gùn ju ìbú ìka mẹ́rin lọ, ọmọ ọwọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ọ̀pá la bá dá májẹ̀mú, a ò bá ojú dá. Bọ́ síwájú, jàre." Mo tẹná.

Òrùlé náà ṣí orí Ilé-ń-lọ bí ẹni ṣí agolo sàdíìnì. Iná gígùn já, díẹ̀ ló kù kó ba àbúrò mi léjìká. Obìnrin tó ń ta epo dúró pẹ̀lú rọ́bà lọ́wọ́, ó béèrè bóyá a ṣì fẹ́ kún táǹkì.

Ká ní mo dúró síbẹ̀, aláìbìkítà lásán ni mí. Ohun tó kù ló sọ mí di ìkà. Àbúrò mi gbé ọ̀pá, ó fẹ́ lọ gbé e ti ara ọkọ̀ kó fi wọ̀n ọ́n. Mo rí i pé bó bá débẹ̀, mo ti tán. Mo já a gbà, mo ṣe bí ẹni tí inú ń bí, mo fi lu ilẹ̀ títí ó fi fọ́ wẹ́wẹ́. Nínú gbogbo eré tí mo ṣe láyé mi, òun ni mo ṣe dáadáa jù. Mo wá ní, "Ọ̀pá kọ́ ló ṣe é, ojú rẹ ni. O ti fi ojú náà sínú aago tán." Ẹ rẹ́rìn-ín. N kò dá yín lẹ́bi, èmi ni mo kọ́ yín. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ nu ojú méjèèjì, ó ní, "Bóyá lóòótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n."

Ojú kan ṣoṣo tó sọ òótọ́ fún wa lọ́jọ́ náà ni mo pè ní òpùrọ́.

Ó lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, dókítà ní kò sóhun tó ṣe é. Kò gbà. Ó ní dókítà kò mọ òun rí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n tó tọ́ òun dàgbà kò lè parọ́ mọ́ òun. Ó dá aago oníaago padà, ó ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹnu géètì ilé ìwé ló jókòó sí báyìí, ó ń ṣí i, ó ń tì í. Lóṣù tó kọjá mo rí i létí títì, ó di ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Kò sí ọkọ̀ lápá ọ̀tún, kò sí lápá òsì, síbẹ̀ kò sọdá, àfìgbà tí obìnrin kan tó ń kọjá lọ sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ máa sọdá, kò sí nǹkan." Mo padà sílé, n kò lè jẹun.

Lánàá mo lọ bá a, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo retí pé á gbá mi létí, mo tiẹ̀ ti yọ awò ojú mi sílẹ̀ dè é. Kò gbá mi. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ fún àwọn tó rẹ́rìn-ín."

Ohun tí mo torí rẹ̀ pè yín nìyí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àárín wa, bí ẹ bá ba nǹkan jẹ́ níbi tí ẹ ti ń wá ẹ̀rín, ẹ sọ ọ́ kí àwọn èèyàn tó pàtẹ́wọ́ tán. Bó bá di ọjọ́ kejì, ó ti wúwo. Bó bá di ọjọ́ kẹta, ẹlòmíràn lẹ óò gbé e rù.

Ẹ dìde báyìí, ẹ lọ bá a ní géètì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ fún un pé ẹ ti gbọ́, pé ojú rẹ̀ ló jàre. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Bó bá dárí jì mí, ẹ wá sọ fún mi kí wọ́n tó là mí láyà. Bí kò bá sì dárí jì mí, ẹ wá sọ ìyẹn náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ parọ́ tù mí nínú.