Ìlà Omi Tí Mo Fi Ọ̀dà Bò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí n kò sọ fún ọkọ mi, tí n kò sọ fún pásítọ̀ wa, tí n kò sì tíì lè sọ fún ẹni tí mo ṣẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e kiri. Ohun tí ó mú mi sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé ẹni náà pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní kí n bá òun wá ilé ní Lọ́kọ́jà. Ó ní ojú mi nìkan ni òun gbẹ́kẹ̀ lé.

Ọmọ Kàbbà ni mí. Ìwé girama ni mo kà mọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún mi, Ṣeun ni orúkọ rẹ̀, ikọ́ fée sì ti ń bá a jà láti kékeré. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ ọkọ mi wá sí Lọ́kọ́jà, èmi ni mo ṣètò bí a ó ṣe kó láti Kàbbà. Ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí n kò bá mọ ibi tí abẹ́rẹ́ wà nínú ẹrù, n kò ní lè sùn. Òótọ́ ni. Mo fi aṣọ wé àwo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kó oògùn Ṣeun sínú àpò ọwọ́ mi, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi gbé e.

Ọkọ mi ti gba ilé sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìlú, níbi tí kò jìnnà sí odò. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ún ni, ó ń dán. Ìgbà ọyẹ́ ni. Odò Ọya ti fà sẹ́yìn, yanrìn ti yọ láàárín rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń gbin ewébẹ̀ sí etí rẹ̀. Àwa ará orí òkè, omi ni a máa ń wá kiri nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí mo rí i pé okùn kúkúrú ni wọ́n fi ń fa omi nínú kànga àgbàlá náà, inú mi dùn. Mo pè é ní ìbùkún. Ará Lọ́kọ́jà ìbá ti kọ́kọ́ bèèrè ibi tí omi dé nígbà ìkún omi.

Nílé wa, obìnrin a máa fọ ilé kí ẹrù tó wọ inú rẹ̀. Èmi àti Ṣeun la kọ́kọ́ wá. Mo ń fi omi ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn fọ ògiri yàrá inú nígbà tí ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ìlà kan wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ẹrẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì lọ láti ògiri dé ògiri, bí ìlà tí tíì máa ń fi sílẹ̀ sára kọ́ọ̀bù. Mo ní kí Ṣeun wá dúró tì í. Ó dé àyà rẹ̀.

Mo mú un lọ́wọ́, a lọ bá onílé ní òpópónà òkè. Bàbá àgbàlagbà ni. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì bi í bóyá omi máa ń wọ ilé náà.

"Kì í ṣe ọdọọdún," ó dáhùn. "Ó sì lè má wá mọ́. Ta ló mọ iṣẹ́ Ọlọ́run?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ikọ́ fée ń ṣe ọmọ mi. Ẹ dá owó wa padà fún wa."

"Owó yín ti di búlọ́ọ̀kù, ìyàwó." Ó na ọwọ́ sí ilé kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. "Mú ẹlòmíì wá tí yóò gba ipò yín. Bí ó bá san tirẹ̀, ẹ ó gba tiyín."

Ní ojú ọ̀nà ni mo ti mọ ẹni tí n ó mú wá.

Ọ̀rẹ́ mi ni Ìyá Kẹ́mi. Aránṣọ ni, ìtòsí ara wa la ń gbé ní Kàbbà. Ọkọ rẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́jà, ìparí oṣù nìkan ló máa ń wálé, ó sì ti rẹ obìnrin náà. Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé bí mo bá dé, kí n wo ilé fún àwọn. Láàárín àwa ará Kàbbà, ẹni tó ṣáájú dé ìlú ni ojú ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó ń bọ̀ kì í wá tú ilé wò, kí ó má baà dà bí ẹni pé kò gba ọ̀rọ̀ ẹni rẹ̀ gbọ́. Mo mọ èyí. Ìgbàgbọ́ yẹn ni mo fi mú un.

Mo lọ sí ọjà Kpata lọ ra ọ̀dà. Ọkùnrin tó tà á fún mi, ọmọ àwọn Ìlọrin tó ti pẹ́ níbẹ̀, wo ọwọ́ mi tí ẹrẹ̀ ògiri ṣì wà lára rẹ̀.

"Ilé ìsàlẹ̀ ni, àbí?" ó ní. "Èyí tó nípọn ni kí ẹ rà, Màmá. Òun ni àwọn onílé máa ń rà. Ó ń bo àṣírí dáadáa."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo kun yàrá náà fúnra mi, mo kun ún lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí ó gbẹ. Ṣeun jókòó síta kí òórùn ọ̀dà má baà mú ikọ́ rẹ̀ wá. Mo ń yọjú wò ó láti ojú fèrèsé bí ó ṣe ń ṣeré, mo sì ń sọ fún ara mi pé nítorí rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ni mo pe Ìyá Kẹ́mi. Inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ó bi mí ní ìbéèrè kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fiyè sí i, nítorí n kò lè sọ pé kò bi mí.

"Ìyá Ṣeun, omi ńkọ́? Bàbá Kẹ́mi ní àdúgbò yẹn ti sún mọ́ odò jù."

"Èwo ni tomi?" mo dáhùn. "Odò jìnnà. Kànga ló wà níbẹ̀, omi rẹ̀ sì mọ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ̀yin fi fẹ́ kúrò?"

"Eruku títì ni. Ṣeun ò lè gbà á."

"Ọlọ́run á wò ó sàn. Ó dáa, màá bá Bàbá Kẹ́mi fà á. Bí ìwọ bá ti rí i, èmi náà ti rí i."

Ó sì fà á lóòótọ́. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ yàrá méjì níbòmíràn, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ kọ̀. Wọ́n kó dé, àwa sì kó lọ sí àdúgbò Felele, níbi tí ilẹ̀ ti ga. Ohun tí mo sọ fún ọkọ mi nípa eruku náà ni mo sọ fún gbogbo èèyàn.

Ǹ bá ti lè mú àlejò wá fún onílé náà. Mo ti ro èyí lọ, mo ti rò ó bọ̀. Àlejò ìbá bi ará àdúgbò léèrè, ìbá sì mọ̀. Ẹni tó máa gbà mí gbọ́ ni mo wá. Ohun mìíràn sì tún wà níbẹ̀ tó ń tì mí lójú jù: ẹ̀rù ìlú tuntun ń bà mí, mo sì fẹ́ kí ó wà nítòsí mi.

Ọdún yẹn gan-an ni omi kún. Omi Lọ́kọ́jà kì í sáré bí àgbàrá. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gun òkè, tí èèyàn á máa sọ pé yóò dúró. Ìyá Kẹ́mi ti gba aṣọ ìgbéyàwó ìdílé kan láti rán. Ó dì wọ́n sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Kọ́bọ́ọ̀dù náà wó sínú omi. Ọkọ̀ àwọn apẹja ló gbé òun àti àwọn ọmọ jáde. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú fóòmù kan lórí, Kẹ́mi kò ní bàtà lẹ́sẹ̀. Ìyá Kẹ́mi kúnlẹ̀ fún ọkọ mi, ó ní, "Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ibo là bá wọ̀?" Mo gbé omi gbígbóná sílẹ̀ fún wọn láti wẹ̀. Mo ní irú omi báyìí kò wá rí.

Kò pẹ́ tí ó fi kó àwọn ọmọ padà sí Kàbbà. Kò lè dojú kọ àwọn tó ni aṣọ. Ọ̀kan nínú wọn ń sọ ọ́ kiri pé ó ta aṣọ náà ni, ó wá ń fi omi bojú. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ní orí kunkun rẹ̀ ló lé e wọnú odò. Láti ìgbà náà, ọkọ rẹ̀ ń dá gbé yàrá kan níhìn-ín. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ wa.

"Ìyá Ṣeun, ọbẹ̀ yín dùn," ó sọ lọ́jọ́ kan. "Ká ní tèmi mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́rọ̀ ni, èmi náà ìbá máa jẹ irú èyí nílé ara mi. Mo sọ fún un pé ibẹ̀ sún mọ́ odò. Ó ní èmi kò fẹ́ kí òun wá ni."

Ọkọ mi ní kí ó jẹ́ kí ó tán. Mo fi ẹran kún àwo rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo wá dá wà. Ṣeun ti dàgbà, ó ti lọ sí ilé ìwé níbòmíràn. Àwọn aládùúgbò mi níbí dára, ṣùgbọ́n Ẹ̀bìrà àti Ígálà ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn, ìkíni nìkan ló pa wá pọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo lè bá sọ èdè ilé títí ilẹ̀ á fi ṣú ni Ìyá Kẹ́mi. Bí ó bá pè, mo máa ń jẹ́ kí fóònù náà dún pẹ́, nítorí n kò mọ ohùn tí n ó fi dá a lóhùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé e.

"Ọ̀kun o," ó kí mi bí a ṣe ń kí ara wa nílé. "Mo ti bẹ Bàbá Kẹ́mi. Mo ní èmi ni mo jẹ̀bi, pé orí kunkun ló ṣe mí. Ó ní òun ti gbọ́, kí a máa bọ̀. Àmọ́ n kò ní fúnra mi yan ilé mọ́ láyé. Ìwọ ni kí o yàn án. Bí o bá ní omi ò débẹ̀, omi ò débẹ̀ nìyẹn."

Ó ti lọ bẹ̀bẹ̀ nítorí ohun tí èmi ṣe.

Mo ti rí ilé kan. Ó wà lórí òkè díẹ̀ sí tiwa. Mo bèèrè lọ́wọ́ ará ibẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, obìnrin Ẹ̀bìrà kan sì fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní bí omi bá débẹ̀, kí n yáa máa wá ọkọ̀ Nóà lọ. Ilé náà dára lóòótọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé kí n kàn gbà á fún un, kí n pa ẹnu mọ́, kí n ka èyí sí ẹ̀san tí mo san.

Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ òótọ́ kí ó tó kó, ó lè sọ pé òun kò wá mọ́, kí àwọn ọmọ náà dàgbà láìsí bàbá nítòsí. Bí mo bá sì dúró títí ó fi kó dé, á jẹ́ pé mo tún fi ìdákẹ́jẹ́ mú un wọlé lẹ́ẹ̀kejì ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni yóò wọ ilé ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀, tí wọ́n á máa rán an létí nígbàkígbà tí òjò bá ṣú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ bá a ní Kàbbà kí ó tó di ẹrù? Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ fún ọkọ rẹ̀, tó ń dá a lẹ́bi lórí tábìlì mi? Ọkọ tèmi ńkọ́? Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi. Ẹ má kàn sọ fún mi pé ìyá tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ ọ́ fún ara mi tó, Kẹ́mi náà sì ní ìyá.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ìwọ ni o ń ka èyí, ọ̀rẹ́ mi, kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún ọ: má bẹ Bàbá Kẹ́mi mọ́. O bèèrè omi lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo purọ́.