Obìnrin Ọ̀run Kò Jẹ Èso Kankan

Ẹ gbé omi èso yẹn kúrò ná, mi ò mu ún. Ẹ jókòó. Emmeline, ìwọ tí o jẹ́ ìyá ìdílé wa báyìí, sún mọ́ mi dáadáa, torí ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́ ju àwọn ọmọ mi lọ. Dókítà ní mi ò ní rí ìkórè àgbàdo ọdún yìí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì láti ọdún mọ́kànlélógójì wá, òní ni mo máa bì í.

Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ orúkọ Màmá Lavinia, ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ẹ ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é ní ẹni tó ta ìtàn wa fún òyìnbó. Irọ́ ni. Èmi Rhoda ni mo tà á.

Ìgbà òtútù ni Alùfáà Thornbury wá sí etí Odò Grand níbí. Ó ń kọ ìwé kan tó fi ìtàn ìṣẹ̀dá àwọn Hébérù wé ti àwa tí a ti wà níbí kí òyìnbó tó dé. Ó fa ìlà sí àárín ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ti Hébérù lápá òsì, tiwa lápá ọ̀tún. Èmi ni ògbufọ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà yẹn, ó sì ti ṣèlérí pé òun máa kọ lẹ́tà tí wọ́n á fi gbà mí sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà. Mo fẹ́ lẹ́tà yẹn débi pé mi ò lè sùn.

Màmá jókòó síbi sítóòfù, ó ń yín àgbàdo, ó ń sọ ìtàn náà. Emmeline, má fojú yẹn wò mí. Mo mọ̀ pé ìgbà ooru la wà yìí, a kì í sì í sọ ìtàn yìí kí ìrì tó dì yìnyín. Mo mọ̀ pé wọ́n ní ejò máa ń wá bá ẹni tó bá sọ ọ́ nígbà ooru. Jẹ́ kó wá, kò ní wá mi tì lórí ibùsùn yìí. Màmá ní ọkọ obìnrin ọ̀run, ìyá gbogbo wa, lá àlá pé kí wọ́n fa igi ìmọ́lẹ̀ tu. Obìnrin náà lóyún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ihò tí igi fi sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó já bọ́. Omi nìkan ló wà nísàlẹ̀. Àwọn ẹyẹ odò fi ìyẹ́ gbé e, ahun odò ní kí wọ́n gbé e lé òun lẹ́yìn, eku odò sì rì wọ inú omi lọ bu ẹrẹ̀ wá. Eku náà kú tòun ti ẹrẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n tẹ́ ẹrẹ̀ náà sẹ́yìn ahun, ó fẹ̀, ó di ilẹ̀. Orí ẹrẹ̀ yẹn la wà títí dòní.

Alùfáà wo apá òsì, ó wo apá ọ̀tún. Ó ní, "Rhoda, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ dà? Éfà jẹ èso. Kí ni tiyín ṣe tí wọ́n fi lé e?"

Mo bi Màmá. Ó rẹ́rìn-ín títí àgbàdo fi dà sílẹ̀. "Ta ló lé e? Sọ fún un pé ó ṣubú ni! Àbí tí aboyún bá ṣubú nílùú tiwọn, ẹjọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń bá a rò? Tiwa, wọ́n gbé e."

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo sọ fún alùfáà: "Ó ní obìnrin náà jẹ èso igi tí wọ́n kà léèwọ̀, ni ọkọ rẹ̀ bá tì í sọ̀kalẹ̀." Inú ọkùnrin yẹn dùn, ó ń kọ, ó ń kọ. Kì í ṣe lẹ́tà nìkan, ojú ń tì mí pẹ̀lú. Mo rò pé ìtàn tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ nínú, ìtàn àwọn aláìmọ̀kan ni. Òmùgọ̀ ọmọ!

Màmá kì í ṣe ẹni téèyàn ń tètè tàn. "Ka ohun tó kọ fún mi kí n tó fọwọ́ sí i." Mo gbé ìwé náà sókè, mo tẹjú mọ́ irọ́ mi, mo sì ń fi èdè wa ka òtítọ́ tirẹ̀ fún un láìyẹ ọ̀rọ̀ kan. Ó ní, "Ó dáa." Ó fa àmì rẹ̀ síbẹ̀.

Lọ́dún kejì, ìwé náà jáde. Mo wálé láti ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú fìlà tuntun lórí. Ìyá rẹ, Emmeline, tó jẹ́ ìyá ìdílé nígbà yẹn, gbé ìwé náà wọlé wá bá wa. "Lavinia, o ní èso ni ìyá gbogbo wa jẹ? O sọ ọ́ di arúfin?"

Màmá yíjú sí mi. "Rhoda, ìwọ lo wà níbẹ̀. Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀?"

Bí mo bá ní rárá, iṣẹ́ tíṣà ti bọ́ nìyẹn. Mo ní, "Ẹ sọ ọ́, Màmá. Bóyá ẹ ti gbàgbé ni."

Kò bínú. Ká ní ó tiẹ̀ gbá mi létí! Ó kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀. "Bóyá," ló wí. "Mo ti ń darúgbó. Bóyá ó ti ń dàrú mọ́ mi lórí."

Nígbà tí yìnyín bọ́, àwọn ọmọdé wá bá a fún ìtàn bí wọ́n ṣe máa ń wá. Ó ní kí wọ́n lọ bá ẹlòmíì, òun ò fẹ́ bà á jẹ́ fún wọn. Ní Ilé Gígùn tí gbogbo wa ti ń pàdé, kò sẹ́ni tó ní kó sọ̀rọ̀ mọ́. Ọdún mẹ́ta ló fi wà bẹ́ẹ̀, ó sì kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé orí òun ló dàrú. Èmi fi ọgbọ̀n ọdún ka ìwé yẹn fún àwọn ọmọ yín ní kíláàsì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ mọ̀wé níbí, tí àgbàlagbà bá ní kẹ́ ẹ ka nǹkan fún òun, ohun tó wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà. Emmeline, mò ń bẹ̀ ọ́, àmọ́ má tíì dárí jì mí. Lọ síbi ibojì rẹ̀ lónìí, ẹsẹ̀ mi ò lè gbé mi débẹ̀. Sọ fún un pé, "Màmá, ẹ ò gbàgbé nǹkan kan. Rhoda ló purọ́."