Òótọ́ tí Dọ́káàsì Torí Rẹ̀ Tọrọ Àforíjì

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, Bàbá Hánnà. Àwo ẹja tí Dọ́káàsì fi sílẹ̀ lórí tábìlì yẹn ni kẹ́ ẹ máa wò, kò tíì jẹ ẹ́ dé ìdajì tó fi wé ìborùn rẹ̀, tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ rò pé ilé rẹ̀ ló gbà lọ? Etíkun tí wọ́n ti ń sá ẹja ló gbà lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ìlú Marblehead á ti gbọ́.

Ẹnu mi yìí náà ni mo fi ń ṣakọ. Mo ní bí kì í bá ṣe ti ẹ̀jẹ́ ni, ọkọ mi ì bá wà lójú ogun. Mo ní nígbà táwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ogun wọn, ó búra fún wọn kí wọ́n tó jẹ́ kó máa bọ̀ wálé, pé òun ò ní gbé idà sí wọn mọ́, àfi bí ìjọba wa bá fi ẹlẹ́wọ̀n tiwọn pààrọ̀ òun. Ni Pickett ọ̀rẹ́ yín, tí wọ́n jọ mú yín lọ́jọ́ kan náà, bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀jẹ́ wo? Ṣebí wọ́n ti pààrọ̀ gbogbo wa látìgbà tí yìnyín ti yọ́? Inú ọkọ̀ ogun ni mo ti ń bọ̀ yìí. Wọ́n ń retí Jẹ́tírò ọkọ rẹ ní Boston.” Mo ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì, ilẹ̀ ò dá mi lóhùn. Ẹ̀yin sì ń gé búrẹ́dì.

Ta ló fipá mú yín wọṣẹ́ ogun orí omi? Ọkọ̀ apẹja ni bàbá yín fi sílẹ̀ fún yín, ẹ ní bọ́tìnnì góòlù ló wù yín. Ẹ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá ọkọ̀, mo dúró dè yín. Ẹ lọ jagun ní Trípólì lókè òkun, ẹ gbọgbẹ́ léjìká, wọ́n fi yín joyè, mo bí Hánnà láìsí yín nílé. Mi ò ráhùn. Iyì yín niyì mi.

Nítorí iyì yẹn ni mo ṣe fẹjọ́ Dọ́káàsì sun pásítọ̀ nígbà tó pè yín ní ojo. Opó tí ọmọ rẹ̀ kú sẹ́wọ̀n Gẹ̀ẹ́sì! Ó dìde níwájú ìjọ, ó ní òun parọ́ mọ́ yín, kí Ọlọ́run dárí ji òun. Ẹ jókòó tì mí lọ́jọ́ náà. Ẹ mi orí bí ẹni tó ti dárí jì í. Òótọ́ lobìnrin náà sọ, mo mú un tọrọ àforíjì fún òótọ́, mo tún wá pè é wá jẹun lónìí, pé kíjà parí.

Kí lẹ wí? Ẹ sọ ọ́ sókè.

Ẹ ní ẹ̀rù ni. Látọjọ́ tí ọta àgbá gé ẹni tó dúró tì yín sí méjì. Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi? Mo fi Hánnà búra, ǹ bá ní kẹ́ ẹ bọ́ aṣọ ogun náà, ká máa pa ẹja wa jẹ. Ta ni ẹ̀rù ò bà rí? Ohun tó ń tì mí lójú ni pé ẹnu mi lẹ fi parọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, n ó dìde síbi tí Dọ́káàsì dúró sí, n ó ní èmi ni mo jẹ̀bi rẹ̀. Bí mo bá sọ tèmi tán, tí mo wẹ̀yìn, tí mo rí i pé ẹ ṣì jókòó, tẹ́ ò dìde jẹ́wọ́ tiyín, ẹ má tẹ̀ lé mi wálé. Ẹ máa lọ sí Boston. Ogun tó ń bà yín lẹ́rù yẹn á rọ̀ yín lọ́rùn ju ilé yìí lọ.