Mo Gé Ìyá Bọ́ọ̀sì Kúrò Nínú Fíìmù Wa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ mi tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí mo ti gbé nǹkan yìí sínú. Ǹ bá má sọ ọ́ rárá, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi di ọwọ́ mi mú níbi fídáù ìyá rẹ̀, ó bẹ̀ mí ní ẹ̀bẹ̀ kan, mo sì tún purọ́ fún un.

Ìlọrin ni mò ń gbé. Ẹ jẹ́ ká pe ọ̀rẹ́ mi ní Súlé, orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Láti kékeré la ti jọ ń wo fíìmù àwọn akọni tó ń fò lójú ọ̀run, tí wọ́n ń gbé mọ́tò sókè bí ẹni gbé apẹ̀rẹ̀. Àkítọ̀ là ń pe ẹni tó ń gba ìlú là, bọ́ọ̀sì là ń pe ọ̀tá rẹ̀. Èmi, àkítọ̀ ni mo máa ń wò. Súlé, bọ́ọ̀sì ni tirẹ̀. Ó máa ń sọ pé, "Bọ́ọ̀sì tó kàn fẹ́ ba ayé jẹ́ láìnídìí, wọ́n á ti gbàgbé ẹ̀ kí wọ́n tó délé. Èyí tó bá ní ẹjọ́ tó jàre díẹ̀, wàláì, òun ló máa bá èèyàn délé."

Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Nígbà tí a dàgbà, a ní ká ṣe fíìmù tiwa. Fóònù mi la fi ya á. Ẹ mọ bí àwa tí kò sí lọ́wọ́ wa ṣe máa ń ṣe é, ẹnì kan a máa ṣe iṣẹ́ mẹ́ta. Èmi ni àkítọ̀, èmi ni mò ń ya á nígbà tí n kò bá sí nínú rẹ̀, èmi náà ni mo máa gé e tò lórí kọ̀ǹpútà. Mo lọ rán aṣọ àkítọ̀ mi ní àdúgbò Fate, pupa fòò, tó ń fẹ́ lẹ́yìn. Jalàbíà dúdú bàbá Súlé tó ti gbó ni òun wọ̀ ṣe bọ́ọ̀sì.

Ìyá Súlé ń mọ ìkòkò. Súlé ní kí ìyá òun ṣe ìyá bọ́ọ̀sì. Nínú ìtàn wa, àkítọ̀ já bọ́ láti òkè sórí ìkòkò tí màmá náà sá sóòrùn, ó fọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì fò lọ láìwẹ̀yìn. A kò kọ ọ̀rọ̀ kankan fún màmá. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn àfọ́kù, ó mú ẹyọ kan, ó ní, "Wọ́n ní ó gba ìlú là. Ṣé èmi ò sí nínú ìlú ni? Ta ni n ó lọ bá?"

Súlé wo ìyá rẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó dìde, ó wá àkítọ̀ lọ. Èmi tí mò ń ya á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé fíìmù yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá wo ibẹ̀ yẹn, ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ló máa wà. Èmi tí mo rán aṣọ, èmi tí mo ni fóònù, èmi tí mo fò láti orí ògiri títí orúnkún mi fi bó!

Mo jowú. N kò ní fi ọ̀rọ̀ kankan bò ó. Mo jowú omi ojú Súlé, mo tún jowú ìyá rẹ̀, torí ìyá tèmi kò wá wo iṣẹ́ wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí mo ń gé fíìmù tò, mo yọ ibi ìkòkò yẹn. Mo sọ fún Súlé pé fáìlì náà ti bàjẹ́, kò ṣeé ṣí. Mo búra sí i. Irọ́ ni. Inú fláàṣì kan ni mo fi pamọ́ sí.

A ṣàfihàn fíìmù náà ní gbọ̀ngàn kan nítòsí Post Office. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Súlé ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ló ń bí bọ́ọ̀sì yìí nínú tó fi ń pariwo báyìí. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ó wọ aṣọ ọdún, ó ń retí ojú ara rẹ̀ títí iná fi tàn. Ó wá bá mi, ó ní, "Kò burú, ọmọ mi. Ojú arúgbó ò yẹ inú fíìmù." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ bi mí bí ẹ̀rín yẹn ṣe korò tó.

Láti ọjọ́ náà, Súlé kò ṣeré mọ́. Fóònù ló ń tún ṣe báyìí. Èmi tí mo ṣe àkítọ̀ ńkọ́, ta ló rántí mi? Mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bóyá ó rántí fíìmù mi, ó ní, "Bùọ̀dá, èwo nínú wọn?" Èwo nínú wọn kẹ̀! Ẹyọ kan péré ni mo ṣe. Bí mo ṣe yọ ẹjọ́ bọ́ọ̀sì kúrò, kò sí ohun tí àkítọ̀ ń bá jà mọ́.

Oṣù yìí ni ìyá Súlé kú. Níbi fídáù, Súlé ní òun ti wá inú fóònù òun títí, fọ́tò ló kún ibẹ̀, kò sí ibi tí ohùn ìyá òun wà. Ó ní, "Ṣé o ò lè bá mi tún fáìlì yẹn wò? Kí n sáà gbọ́ ohùn ẹ̀."

Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Ó ti bàjẹ́, Súlé." Àdúrà ni àwọn àlùfáà ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí mo sọ ọ́.

Mo ti rò ó pé kí n gbé e fún un, kí n ní ẹnì kan ló bá mi tún un ṣe. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Súlé nìyẹn, ó máa mọ̀ pé fáìlì náà kò bàjẹ́ rí. Nǹkan mìíràn tún wà. N kò pa fóònù nígbà tí màmá sọ̀rọ̀ tán. Ó wà níbẹ̀ tó ń gbọn yẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀, ó kọjú sí mi, ó ní, "Ẹ má lọ gé tèmi dànù o." Ohùn mi ló dáhùn, tẹ̀ríntẹ̀rín: "Ta ló máa gé yín, Màmá?"

Lánàá mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, mo fẹ́ gé ibi tí ohùn mi àti ẹ̀bẹ̀ màmá wà. Ọwọ́ mi kò gbé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, ṣé kí n gé màmá lẹ́ẹ̀kejì, àbí kí n jẹ́ kí Súlé gbọ́ àwa méjèèjì?