Kò Lọ sí Ìjìó

[Wàsíù, ní Ògbooro, ló pe Misturat, ìyàwó àbúrò rẹ̀, tó wà nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Èkó. Irin ń ró lábẹ́ ọkọ̀.]

MISTURAT: Ẹ káàárọ̀, Bàbá Mùyìbátù.

WÀSÍÙ: Káàárọ̀, ìyàwó wa. Ṣé ẹ jí dáadáa? Sọ̀fíyàt ńkọ́?

MISTURAT: Ó ti sùn lọ sí mi lẹ́sẹ̀.

WÀSÍÙ: Ibo lẹ dé?

MISTURAT: A ti kúrò ní Mọ́níyà láti aago mẹ́jọ. Igbó ni mò ń rí. AC wọn tutù.

WÀSÍÙ: Ẹ̀gbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹ ń bọ̀?

MISTURAT: Mujeebat mọ̀. Ó ní òun á dúró dè wá l'Ágége. Ó ti bá mi wáṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ, ó tún ti rí iléèwé tí ọmọ—

WÀSÍÙ: Ó dáa. Misturat.

MISTURAT: Sà.

WÀSÍÙ: Lọ́jọ́ tí àbúrò mi lọ oko yẹn, aṣọ wo ló wọ̀?

[Irin ń ró lábẹ́ ọkọ̀.]

WÀSÍÙ: Ṣé o gbọ́ mi?

MISTURAT: Mo gbọ́ yín. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé ni.

WÀSÍÙ: Ṣòkòtò ńkọ́?

MISTURAT: Kakí. Orúnkún ọ̀tún ti ya, yúnífọ́ọ̀mù Sọ̀fíyàt tó ti gbó ni mo gé lẹ̀ ẹ́. Píńkì. Ó ní àwọn ará oko á fi òun rẹ́rìn-ín. Ó wọ̀ ọ́ lọ náà ni.

WÀSÍÙ: Ìnnà lílláhì.

MISTURAT: Ẹ ti rí i.

WÀSÍÙ: Jẹ́ẹ́dé apẹja ló rí i láàárọ̀ yìí. Omi odò ti fà. Ó ní abẹ́ gbòǹgbò igi kan ló há sí, nísàlẹ̀ ibi tá a máa ń gbà sọdá sóko. Oṣù mẹ́ta, Misturat. Kò sójú téèyàn lè wò mọ̀ mọ́. Aṣọ yẹn ló— ṣé o gbọ́ mi?

MISTURAT: Wọ́n ń ta búrẹ́dì kọjá níbí. Mo ní mi ò rà.

WÀSÍÙ: O ní kí ni?

MISTURAT: Kò sí nǹkan kan. Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ yẹn. Mo ní kó má lọ, ó ní omi máa ba iṣu òun jẹ́. Ṣé ìgbà tó ń lọ ló bọ́ sómi?

WÀSÍÙ: Rárá o. Àpò iṣu ṣì so mọ́ ọn léjìká. Ó ti dé oko. Ilé ló ń bọ̀.

[Fèrè ọkọ̀ dún.]

MISTURAT: Ẹ ní ó lọ sí Ìjìó.

WÀSÍÙ: Misturat—

MISTURAT: Ẹ ní ẹnì kan rí òun àti obìnrin kan nítòsí bọ́dà níbẹ̀. Ìyá ní èmi ni mo lé ọmọ àwọn lọ, wọn ò bá mi jẹun mọ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ń dirù láti máa lọ, èébú ni mò ń bú u.

WÀSÍÙ: Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Mi ò bi ẹni tó sọ fún mi dáadáa. Mo jẹ̀bi ẹ.

[Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já]

WÀSÍÙ: —gbọ́ mi? Mo ní Alfa fẹ́ ká sin ín kí a tó kírun Àìlá ọ̀sán yìí.

MISTURAT: Mo fẹ́ wà níbẹ̀.

WÀSÍÙ: O ti jìnnà. Máa lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ, àwa á—

MISTURAT: Màá sọ̀ l'Abẹ́òkúta. Màá wọkọ̀ Ìsẹ́yìn, màá ti ibẹ̀ wọ ti Ṣakí wá sí Ògbooro. Ẹ bá mi bẹ Alfa kó dúró di Aláàsárì nírọ̀lẹ́.

WÀSÍÙ: Di ìgbà wo?

MISTURAT: Aláàsárì.

WÀSÍÙ: Mo gbọ́. A ó dúró dè ọ́. Ọmọ ńkọ́?

MISTURAT: Ó ti jí. Ó ń wò mí lẹ́nu.

WÀSÍÙ: Má tíì sọ fún un nínú ọkọ̀.

MISTURAT: Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

WÀSÍÙ: Ìyá rèé. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà yàrá yín látàárọ̀, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wọ́n nawọ́ sí mi, wọ́n fẹ́ gba fóònù.

[Fóònù ń gba ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn]

ÌYÁ: Misturat.

MISTURAT: Ẹ kú ọ̀fọ̀, mà.

ÌYÁ: Mo ti gbálẹ̀ yàrá ẹ. Mo ti ní kí wọ́n pọnmi sí i. Máa bọ̀.

[Irin ń ró.]

ÌYÁ: Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Ṣé o gbọ́ mi?

[Ìpè já.]